Ọwọ́ Tí Ń Bo Ojú Fóònù: Ìrántí Ìgbà Dígí àti Òòrùn ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Lára ohun tí ó yẹ kí àwọn tí ń kọ ìtàn ilẹ̀ Àkókó kọ sílẹ̀ ni ìtàn ọwọ́ kan, èyíinì ni ọwọ́ òsì tí ènìyàn máa ń tẹ̀ bo orí fóònù, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń dáàbò bo iná fìtílà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, kí ó tó lè ka nọ́ńbà ẹni tí ó ń pè é nínú òòrùn ọ̀sán gangan. Láti ìgbà tí fóònù kálà ti dé, lẹ́yìn ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká oní GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, kò sí ìkóríta kan ní Ìkàrẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibùdókọ̀ kan ní Ìwárò Ọ̀kà, tí wọn kì í ti í rí ọwọ́ yìí; síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó kà á sí nǹkan, nítorí pé ohun tí tọmọdé tàgbà ń ṣe lójoojúmọ́ kì í jọ ohun tí ó ní ìtàn. Ìtàn náà wà, ó sì gùn, nítorí pé iṣẹ́ tí ọwọ́ náà ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń wá bí wọn yóò ṣe fi ìpele fíìmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe láti ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Ohun tí ọwọ́ náà ń bá jà ni ìtànpadà. Ìtànpadà ni orúkọ tí ó rọrùn jù lọ fún ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ lu ojú nǹkan, tí kò wọ inú rẹ̀, tí kò sì kú síbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ṣẹ́rí padà sí ojú ẹni tí ń wò ó. Ìtànpadà ni ó ń jẹ́ kí dígí ìwojú ṣiṣẹ́, òun náà ni ó ń jẹ́ kí ojú odò máa kọ mànà ní àárọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní ọ̀tá níbi tí wọ́n bá ti ń wá a. Ó ń di ọ̀tá níbi tí ìmọ́lẹ̀ méjì bá ti pàdé lójú dígí kan ṣoṣo, tí ẹ̀rọ ń tan ọ̀kan jáde láti inú kí ènìyàn lè kàwé lára rẹ̀, tí òòrùn sì ń fi èkejì ránṣẹ́ láti òde kí ó lè padà láti orí dígí kan náà. Òòrùn ọ̀sán gangan a máa da ìmọ́lẹ̀ tí ó tó 100,000 lux sílẹ̀, lux sì ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sórí nǹkan ti pọ̀ tó. Nínú yàrá tí wọ́n tan iná mànàmáná sí, òṣùwọ̀n kan náà kì í sábà ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Bí ìdá kékeré péré nínú ìmọ́lẹ̀ òde bá padà, ó ti tó láti bo gbogbo ohun tí bátìrì fóònù lè tàn jáde mọ́lẹ̀.

Ilẹ̀ Àkókó jẹ́ ibi tí ìjà ìmọ́lẹ̀ méjì yìí ti le, òkúta ni ó sì fà á. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ wọlé, tí ó kọjá Ọ̀bà tí ó sì ń súnmọ́ Àkùngbá, yóò ti máa rí àwọn àpáta ràbàtà tí wọ́n dúró ti ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì, tí koríko díẹ̀ nìkan hù sí pàlàpálá wọn. Bí ó bá sì yà sí Ọ̀kà, òkè gan-an ni ọ̀nà yóò gbé e gùn, nítorí pé orí òkè ni wọ́n tẹ̀dó sí: ní ayé ogun Núpé, ẹni tí ó wà lórí àpáta ni ó ń kọ́kọ́ rí ọ̀tá. Lóde òní, orí àpáta kan náà ni òòrùn ti ń bá ènìyàn láìsí ibòòji. Ojú òkúta a máa dá ìmọ́lẹ̀ padà, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó dúró sí ẹsẹ̀ òkè ní oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta, nígbà tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, ń gba ìmọ́lẹ̀ láti òkè, ó sì tún ń gbà á láti ẹ̀gbẹ́. Nínú àwọn òkúta wọ̀nyí, tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè ní granite àti gneiss, ni máíkà wà, ohun pẹlẹbẹ tí ń dán bí ìpẹ́ ẹja, tí òjò máa ń fọ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú yanrìn ìsàlẹ̀ odò. Èékánná ọmọdé lè ṣí i ní ìpele-ìpele títí tí yóò fi fẹ́lẹ́ ju ìwé lọ. Kò sí ẹni tí ó sọ fún àwọn ọmọ tí wọ́n fi ṣeré pé ohun ìdarí ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n mú dání, ọ̀rọ̀ máíkà náà yóò sì tún yọjú níwájú.

Kí fóònù tó dé, tẹlifíṣọ̀n ni dígí àkọ́kọ́ tí ó fi ìtànpadà han àwọn ará Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà nínú ilé wọn. Ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó di ohun tí wọ́n ń bá ní pálọ̀ olùkọ́ àti oníṣòwò ní Àkókó. Bí wọ́n bá pa á, gbogbo pálọ̀ ni ènìyàn ń rí nínú dígí rẹ̀ tí ó yọ ikùn síta, láti orí àga títí dé orí fèrèsé àti àwòrán baba onílé tí wọ́n fi kọ́ ògiri. Bí wọ́n bá sì tàn án lọ́sàn-án, ọmọ kan ni wọn yóò rán pé kí ó lọ fa kọ́tìnì. Kọ́tìnì náà ni oògùn ìgbà yẹn, ó sì tó, nítorí pé tẹlifíṣọ̀n kì í jáde nílé.

Ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni aago ọwọ́ onínọ́ńbà àti ẹ̀rọ ìṣírò mú wá ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹ̀rọ ìṣírò sínú àpò rọ́bà bí ẹni tọ́jú ẹyin. Lójú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, nọ́ńbà kì í tàn rárá. Ńṣe ni ó máa ń dúdú, lórí ilẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ jọ eérú tí wọ́n pò mọ́ ewé. Bí alẹ́ bá lẹ́, wọn kò ṣeé kà láìsí àtùpà. Bí òòrùn bá sì ń ràn, ńṣe ni nọ́ńbà túbọ̀ ń hàn kedere. Ìyanu ńlá ni èyí jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń lò ó kò mọ̀ ọ́n ní ìyanu títí ó fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni kírísítàlì olómi. Kírísítàlì ni ohun tí àwọn ẹyọ tíntìntín inú rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ, bíi ti iyọ̀ tàbí ṣúgà. Omi sì ni ohun tí ń ṣàn, tí àwọn ẹyọ inú rẹ̀ kò ní ètò kankan. Kírísítàlì olómi wá jẹ́ ohun tí ń ṣàn, síbẹ̀ tí àwọn ẹyọ rẹ̀ gbọọrọ bí ọwọ̀n ìgbálẹ̀, tí gbogbo wọn sì kọrí sí ọ̀nà kan náà bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n dì. Friedrich Reinitzer, onímọ̀ nípa ewéko, ọmọ ilẹ̀ Austria, ni ó kọ́kọ́ kíyè sí i ní ìlú Prague ní ọdún 1888, nígbà tí ó ń yẹ èròjà kan tí wọ́n rí nínú kárọ́ọ̀tì wò, tí ó sì rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń yọ́: ní ìwọ̀n ìgbóná 145.5 ti Celsius ó di omi tí kò mọ́, tí ó rí bí omidùn, nígbà tí ó sì di 178.5 omi náà wá mọ́ gaara. Ó tó ọgọ́rin ọdún kí ẹnikẹ́ni tó rí iṣẹ́ gidi fún irú omi bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1970, Martin Schadt àti Wolfgang Helfrich, ní ìlú Basel ní ilẹ̀ Switzerland, fi ọ̀nà tí wọ́n lè gbà lọ́ ọ láàárín dígí méjì hàn, láìpẹ́ lẹ́yìn náà ni George Gray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe èyí tí kì í dì, tí kì í sì í bàjẹ́, nínú òtútù àti ooru ojoojúmọ́. Láìsí iṣẹ́ Hull yìí, aago onínọ́ńbà kì bá tí tó owó tí akẹ́kọ̀ọ́ Ìkàrẹ́ lè rà.

Ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ìgbì, ìgbì náà a sì máa gbọ̀n ní òòró, ní ìbú àti sí gbogbo ìgun tí ó wà láàárín wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Fíìmù kan wà tí wọ́n ń pè ní pòláráísà, tí Edwin Land ti Amẹ́ríkà sọ di ohun tí wọ́n ń ṣe bí abala ìwé, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ọgbà ọparun, nítorí pé ẹni tí ó bá na ọ̀pá gbọọrọ ní òòró lè tì í bọ́ sí àárín ọparun méjì, ṣùgbọ́n bí ó bá dá ọ̀pá náà ní ìbú, ọgbà yóò dá a dúró. Nínú ẹ̀rọ ìṣírò, irú fíìmù bẹ́ẹ̀ méjì ni wọ́n fi há kírísítàlì olómi, ọ̀kan ní òòró, èkejì ní ìbú. Kírísítàlì náà ni ó ń lọ́ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òòró sí ìbú kí ó lè rí ọ̀nà kọjá, lẹ́yìn èyí ni ìmọ́lẹ̀ yóò kan abala dídán tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí yóò sì gba ọ̀nà tí ó bá wá padà jáde. Níbi tí agbára bátìrì bá ti kan kírísítàlì, lílọ́ náà dáwọ́ dúró, ìmọ́lẹ̀ há sínú, ibẹ̀ a sì dúdú. Òun ni ojú ń rí bíi nọ́ńbà. Pòláráísà iwájú nìkan ti gba ìdajì ìmọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ ojú ẹ̀rọ náà fi ní àwọ̀ eérú dípò kí ó funfun. Òòrùn ni àtùpà rẹ̀. Ìtànpadà tí gbogbo ẹ̀rọ ìgbà yìí ń sá fún ni ẹ̀rọ ìgbà náà fi ń ṣiṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tú ẹ̀rọ ìṣírò tí ó ti bàjẹ́ díẹ̀, tí ó sì bó fíìmù iwájú rẹ̀ kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yóò rí i pé nọ́ńbà pòórá. Bí ó bá tún dá fíìmù náà padà ní ìdàkejì, ohun tí ó dúdú yóò mọ́lẹ̀, ohun tí ó mọ́lẹ̀ yóò sì dúdú. Ìwádìí gidi ni èyí, tí ó tó ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé físíìsì, ó sì ṣeni láàánú pé lẹ́yìn kíláàsì ni irú rẹ̀ sábà máa ń wáyé, pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé wọn yóò bá ọmọ wí pé ó ba ẹ̀rọ jẹ́.

Nígbà tí GSM wá tàn dé ilẹ̀ Àkókó ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 2001, ojú fóònù tí ó bá a dé kì í ṣe àjèjì, nítorí pé ojú ẹ̀rọ ìṣírò ni wọ́n fẹ̀ sí i. Nokia 3310 ní àmì tíntìntín 84 ní ìbú àti 48 ní òòró, àwọn àmì dúdú wọ̀nyí ni ó ń para pọ̀ di lẹ́tà àti nọ́ńbà. Nokia 1100 tí ó jáde ní ọdún 2003, tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí Nokia tọ́ọ̀ṣì, náà jẹ́ eléérú, ó sì wà lára àwọn fóònù tí wọ́n tà jù lọ láyé, nítorí pé iye tí wọ́n tà lé ní 200 mílíọ̀nù. Ìpè wọ́n nígbà náà, náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan ń jẹ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò ní fóònù tirẹ̀ sì pọ̀ ju ẹni tí ó ní lọ. Èyí ni ó bí àwọn oníkọ́ọ̀lù, tí wọ́n fi tábìlì kékeré kan, àga oníke kan, ìwé tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí, fóònù kan tàbí méjì, àti agboòrùn ńlá kan dá ìsọ̀ sílẹ̀ létí títì. Láti ọjà Ìkàrẹ́ dé Àkùngbá, tí yunifásítì ìpínlẹ̀ Oǹdó kó wá ní ọdún 1999, títí lọ dé Ọ̀kà, agboòrùn wọ̀nyí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, orí oníkọ́ọ̀lù ni agboòrùn wà fún. Fóònù kò nílò rẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá gbé e sínú òòrùn, ńṣe ni nọ́ńbà ń hàn sí i.

Fóònù kálà ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọ̀ kò ṣeé fi òjìji dúdú yà, nítorí náà wọ́n gbé iná sí ẹ̀yìn kírísítàlì olómi, wọ́n sì fi fíìmù pupa, aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ aró tẹ́ iwájú rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa ti inú wá síta. Owó tí wọ́n san fún ẹwà yìí pọ̀, nítorí pé pòláráísà gba ìdajì ìmọ́lẹ̀, fíìmù aláwọ̀ gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí ó kù, àwọn wáyà tíntìntín inú rẹ̀ sì tún dí apá kan. Nínú ìwọ̀n 100 tí iná ẹ̀yìn ń tàn, nǹkan bí 5 sí 7 péré ni ó sábà ń dé ojú olùwò. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ti rẹ̀ tó báyìí ni wọ́n wá gbé jáde sí abẹ́ òòrùn Òkè-Ọ̀kà. Ẹni tí ó bá gbé fóònù kálà rẹ̀ tuntun síwájú lọ́sàn-án kì í rí nǹkan mìíràn ju ojú ara rẹ̀ àti òfuurufú lọ, àwọn obìnrin a sì máa fi wo gèlè kí wọ́n tó wọ ilé ìjọsìn. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ ti gòkè láti bo ojú fóònù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àkùngbá ń wá abẹ́ igi, ọlọ́kadà ń yí ẹ̀yìn sí òòrùn kí ó tó wo ẹni tí ó pè é, fóònù oníkọ́ọ̀lù sì wá ń bá olówó rẹ̀ du abẹ́ agboòrùn. Ẹni tí ó bá wọ awò dúdú tí wọ́n fi pòláráísà ṣe tún ń rí ohun àrà kan, nítorí pé bí ó bá dojú fóònù dé ìgun kan báyìí, gbogbo rẹ̀ yóò dúdú kirikiri. Ọgbà ọparun méjì ni ó pàdé ara wọn ní ìbú àti òòró.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí wọ́n béèrè nígbà náà ni ibi tí ìtànpadà ti ń wá gan-an, ìdáhùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹlẹ́kàrà. Ìmọ́lẹ̀ kì í padà nítorí pé nǹkan le tàbí pé ó dán. Ó ń padà nítorí pé ìrìn rẹ̀ yí padà lójijì ní ààlà nǹkan méjì. Nínú afẹ́fẹ́ ó ń sáré, nínú dígí ó fi nǹkan bí ìlọ́po kan àti ààbọ̀ falẹ̀ sí i, òǹkà 1.5 yìí ni wọ́n sì fi ń ṣe ìṣírò, bí Augustin-Jean Fresnel ti ilẹ̀ Faransé ti fi hàn ní àwọn ọdún 1820, pé ìdá 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ lu dígí ní tààrà ni yóò padà ní ààlà kọ̀ọ̀kan. Ìwé funfun nítorí pé okùn tíntìntín inú rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ àárín wọn dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ààlà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi pọ́n àkàrà gbígbóná, epo yóò lé afẹ́fẹ́ jáde, òǹkà epo sì súnmọ́ ti okùn ìwé, nítorí náà ààlà parẹ́, ìmọ́lẹ̀ kò rí ibi tí yóò ti ṣẹ́rí padà, ìwé náà yóò sì mọ́ débi pé wọ́n lè rí ọwọ́ láti òdìkejì. Afẹ́fẹ́ kan náà ni àwọn tí ń lẹ sikiríìn gáàdì létí ọ̀nà ń fi káàdì pẹlẹbẹ lé jáde. Ibi tí gọ́ọ̀mù bá ti mú dígí dáadáa kì í hàn, àmọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ bá há sí yóò máa dán wíńwíń, yóò sì máa bí oníbàárà nínú. Nígbà tí fóònù oníka-títẹ̀ dé, irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ gbogbo dígí iwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí ó fi jẹ́ pé ààlà mẹ́ta ni ìmọ́lẹ̀ òòrùn ń bá pàdé kí ó tó dé inú, ìdá 4 sì ń padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Gọ́ọ̀mù mímọ́ gaara, tí òǹkà rẹ̀ súnmọ́ ti dígí, ni àwọn tí ń ṣe fóònù wá dà sí àyè náà, bí epo àkàrà gẹ́lẹ́.

Ọ̀nà kejì láti pa ìtànpadà wà lẹ́nu ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Ọmọ tí ó bá ti ọ̀pá oníhò náà bọ inú omi ọṣẹ, tí ó sì fẹ́ ìfòfó jáde, ń rí àwọ̀ òṣùmàrè lára rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá fojú sílẹ̀ dáadáa yóò rí i pé orí ìfòfó náà ń di dúdú kí ó tó bẹ́. Ibi dúdú náà ni awọ ọṣẹ ti fẹ́lẹ́ jù, ìmọ́lẹ̀ tí ó padà láti ojú òkè àti èyí tí ó padà láti ojú ìsàlẹ̀ sì pàdé ara wọn ní òdìkejì, èyí ń gòkè nígbà tí ìyẹn ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì pa ara wọn. Katharine Blodgett ti Amẹ́ríkà ni ó fi irú òye yìí ṣe dígí tí kì í dán ní ọdún 1938, ó to awọ ọ̀rá tíntìntín 44 lé ara wọn lórí dígí títí ìnípọn wọn fi di ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀. Ìwọ̀n náà kéré gidigidi: lára dígí awò àti ti kámẹ́rà, nǹkan bí 100 nánómítà ni, irun orí kan ṣoṣo sì nípọn ju èyíinì lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Ọ̀nà kẹta ni ti fíìmù kírísítàlì olómi fúnra rẹ̀, òun ni ó sì yẹ kí wọ́n dúró lé lórí jù lọ. Nínú fóònù OLED, tí àmì kọ̀ọ̀kan ti ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ láìsí iná ẹ̀yìn, wáyà onírin dídán wà nísàlẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ bíi dígí ìwojú, kò sì sí gọ́ọ̀mù tí ó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá tẹ́ pòláráísà lé e lórí, wọ́n sì fi fíìmù ìdá-mẹ́rin-ìgbì sí abẹ́ pòláráísà náà. Fíìmù yìí a máa dá apá kan ìgbì dúró díẹ̀, ní ìwọ̀n ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ìgbì, tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí okùn tí wọ́n ń lọ́. Ẹni tí ó bá lọ́ okùn sọ́tùn-ún, tí ó sì wò ó nínú dígí, yóò rí i pé èyí tí ó wà nínú dígí lọ́ sósì; bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé pẹ̀lú lílọ́ ọ̀tún ń padà láti ara wáyà pẹ̀lú lílọ́ òsì, bí ó bá sì tún gba inú fíìmù kan náà kọjá, ìbú ni yóò wà nígbà tí ọgbà ọparun wà ní òòró. Ó ti há. Ojú tí ń wò ó yóò rí dúdú níbi tí òfuurufú ì bá ti yọ.

Máíkà ni wọ́n fi ń ṣe abala ìdá-mẹ́rin-ìgbì kí fíìmù tó dé, wọ́n a máa ṣí i ní ìpele-ìpele títí yóò fi kù nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Irú ohun tí ó wà nínú yanrìn odò Àkókó ni àwọn aṣáájú ìmọ̀ yìí fi ṣe iṣẹ́ ní yàrá ìwádìí Yúróòpù. Àléébù kan náà ni ó sì ń bá máíkà àti fíìmù jà: ìdá mẹ́rin ìgbì aláwọ̀ ewé kì í ṣe ìdá mẹ́rin ìgbì pupa tàbí ti aró, nítorí pé gígùn wọn yàtọ̀, nítorí náà apá kan àwọ̀ a máa yọ́ kúrò nínú ọgbà, dígí a sì máa ní àwọ̀ elésè-àlùkò díẹ̀ bí wọ́n bá gbé e sí òòrùn. S. Pancharatnam, ọ̀dọ́ onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, fi hàn ní ọdún 1955 pé bí wọ́n bá to abala mélòó kan lé ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọrí sí ìgun tirẹ̀, àṣìṣe èyí yóò tún ti ìyẹn ṣe, gbogbo àwọ̀ yóò sì há pa pọ̀. Ìpele kírísítàlì olómi ni wọ́n fi ń ṣe èyí nísinsìnyí: wọ́n á tẹ́ omi náà fẹ́lẹ́, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ ultraviolet sí i kí àwọn ẹyọ rẹ̀ lè di ara wọn mú, wọ́n á tún tẹ́ òmíràn lé e, ìpele ìsàlẹ̀ ni yóò sì kọ́ ìpele òkè ní ọ̀nà tí yóò kọrí sí. Ní ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tẹ irú àkópọ̀ tí ìpele kọ̀ọ̀kan tún ń lọ́ díẹ̀díẹ̀ jáde nínú ìwé.

Àwọn kírísítàlì olómi mìíràn wà tí wọ́n lọ́ bí àtẹ̀gùn oníyípo, àwọn wọ̀nyí a sì máa dá ìmọ́lẹ̀ tí ó lọ́ bíi tiwọn padà, wọ́n á jẹ́ kí èyí tí ó lọ́ sí òdìkejì kọjá. Èso kan wà nínú igbó Áfíríkà, Pollia condensata, tí ìwádìí ọdún 2012 fi hàn pé irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ ni ó wà lára èèpo rẹ̀, òun ni ó sì fún un ní àwọ̀ aró tí kì í ṣá. Nínú fíìmù tí ènìyàn ṣe, wàhálà ibẹ̀ ni pé ìtànpadà kékeré mìíràn a máa yọ ní ẹ̀gbẹ́ àwọ̀ tí wọ́n fẹ́, nítorí pé àtẹ̀gùn náà bẹ̀rẹ̀ lójijì, ó sì parí lójijì. Oògùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìwé àkàrà: kí wọ́n jẹ́ kí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rọra wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má baà mọ ibi tí ààlà wà. Dirk Broer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Netherlands ti fi hàn ní ọdún 1995 pé wọ́n lè jẹ́ kí ìgbésẹ̀ àtẹ̀gùn náà máa fẹ̀ sí i láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí fíìmù kan ṣoṣo fi lè ká gbogbo àwọ̀ mọ́.

Àwọn oníkọ́ọ̀lù ti dín kù gidigidi létí títì Ìkàrẹ́, nítorí pé olúkúlùkù ti ní fóònù tirẹ̀, agboòrùn wọn sì ti di ti ẹni tí ń ta káàdì tàbí ọsàn. Síbẹ̀ ọwọ́ òsì náà kò tíì sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Ọ̀kà. Abẹ́ dígí ni gbogbo ìpele fíìmù wọ̀nyí wà, èyí tí ó bá ti wọlé nìkan ni wọ́n lè há mọ́lé; ojú òde dígí gan-an, níbi tí afẹ́fẹ́ ti kọ́kọ́ fẹnu kàn án, wà lókè orí wọn, bí wọn kò bá sì fi awọ Blodgett bò ó, tàbí tí ìka àti òógùn bá ti nù ún kúrò níbi tí wọ́n fi bò ó, ìdá 4 nínú 100 ṣì ń padà láti ibẹ̀, ìyẹn ni ọwọ́ sì ń bò.